Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ àti Ọwọ́ tí ó Gbẹ́ Ẹ

Ẹni tí ó bá ti Adó-Èkìtì kọjú sí ìhà gúúsù kì í pẹ́ dé Ìkẹ́rẹ́. Àwọn òkè ńláńlá ni yóò kọ́kọ́ rí, Olósùnta àti Òrólé, àpáta tí ó dúró gbagidi bí ẹni tí ń ṣọ́ ìlú. Ní ìlú yìí ni ààfin Ògògà wà. Nínú ààfin náà ni ilẹ̀kùn igi kan sì ti wà nígbà kan rí, aláwẹ́ méjì, tí a gbẹ́ ère ènìyàn sí lára láti òkè délẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú kan ilẹ̀kùn náà lónìí kò ní dúró ní Ìkẹ́rẹ́: yóò wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé ọwọ́ British Museum ni ó wà láti ọdún 1924.

Mùsíọ́mù ni orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀, èyíinì ni ilé tí a ń kó ohun àtijọ́ àti iṣẹ́ ọnà jọ sí kí gbogbo ènìyàn lè wá wò ó. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, amọ̀nà kan a máa ṣáájú àwọn àlejò láti yàrá dé yàrá. Yóò nawọ́ sí èyí, yóò sọ̀rọ̀ nípa ti ọ̀hún. Inú wa a máa dùn nígbà tí a bá rí àwọn olùkọ́ tí ń kó ọmọ ilé-ìwé lọ sí irú ibẹ̀, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí a fi ojú rí a máa pẹ́ nínú ọkàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí: kí ni ó yẹ kí amọ̀nà sọ nígbà tí ó bá dúró níwájú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa? Bí ẹ bá wo ìwé pélébé tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ère ilẹ̀ Yorùbá ní òkè òkun, ẹ ó rí orúkọ ẹ̀yà, ẹ ó rí irú ohun tí a fi gbẹ́ ẹ, nígbà mìíràn ẹ ó tilẹ̀ rí orúkọ olówó tí ó fi ère náà ta ilé náà lọ́rẹ. Orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ ni ẹ kò ní rí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwa náà di amọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. A ó mú yín rìn láàárín àwọn iṣẹ́ ọnà Èkìtì àti ti agbègbè rẹ̀, ibi yòówù tí wọ́n bá wà nísinsìnyí. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan a ó máa béèrè ohun mẹ́ta: Ta ni ó ṣe é? Kí ni a ń fi í ṣe? Báwo ni ó ṣe dé ibi tí ó wà? Amọ̀nà tí kò bá wá ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, igi lásán ni ó fi hàn wá.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn náà, ó yẹ kí a mọ̀ pé ní Èkìtì ìgbàanì, a kì í gbẹ́ ère kí a lè gbé e kọ́ ara ògiri fún wíwò lásán. Ilẹ̀kùn wà fún ṣíṣí àti títì. Òpó wà láti gbé òrùlé ró. Ọba sì ni aláṣẹ èkejì òrìṣà, nítorí náà ohun tí a gbẹ́ sí ààfin rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nìkan, ó ń sọ fún ẹni tí ń wọlé pé ilé ta ni ó wọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti Ẹpa, tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ilẹ̀ Èkìtì. Igi kan ṣoṣo ni a fi í gbẹ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ìkòkò tí a gbẹ́ ojú ńlá sí, níbi tí ẹni tí ó gbé e yóò ki orí bọ̀; lókè rẹ̀ ni a gbẹ́ jagunjagun sí lórí ẹṣin, tàbí ìyá tí àwọn ọmọ yí ká. Ìwúwo rẹ̀ kì í ṣe kékeré, síbẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbé e gbọ́dọ̀ fi í jó, kí ó sì fò sórí òkìtì ilẹ̀ lójú gbogbo ìlú. Bí ó bá fò ó láìṣubú, ayọ̀ ni fún tọmọdé tàgbà. Nínú àpótí dígí ti mùsíọ́mù, ère náà dúró gbọnin. Ní ìlú rẹ̀, ó ń fò. Amọ̀nà tí ó bá sọ pé, “Ẹ wo bí ó ti lẹ́wà tó,” tí ó sì kọjá lọ, kò tíì sọ ìdajì ọ̀rọ̀.

Ọlọ́nà tí ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe ẹni tí ń fi ọ̀bẹ ha igi bí ó ti wù ú. Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ní, àwọn ọlọ́nà sì ní orúkọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni ọnà lílé, nígbà tí a ń fi irin bẹ́ igi títí ìrísí gbogbo rẹ̀ yóò fi yọ: ibí yìí ni orí, ibí yìí ni ara, ibí yìí ni ẹsẹ̀. Èkejì ni àlétúnlé, nígbà tí a ń ya ojú, etí àti apá sọ́tọ̀ kúrò lára wọn. Ẹ̀kẹta ni dídán, nígbà tí a ń fi irin tí ẹnu rẹ̀ mú ṣánṣán mú ara ère jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fífín, nígbà tí a ń fi ọ̀bẹ fín irun orí, ilà ojú àti ọnà ara aṣọ. Ọmọ iṣẹ́ a máa lo ọ̀pọ̀ ọdún lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń lọ, nítorí pé iṣẹ́ tí a kọ́ ní kíkọ́, ọwọ́ ẹni tí ó kọ́ ọ a máa hàn lára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìkọ̀wé olúkúlùkù yín ti yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì rẹ̀.

Wàyí o, a dé iwájú ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́. Ta ni ó gbẹ́ ẹ? Ọlọ́wẹ̀ ni. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, ìlú tí a mọ̀ fún àwọn ọlọ́nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìsẹ̀-Èkìtì ni ó gbé, lábẹ́ Arínjálẹ̀, níbi tí ó ti jẹ́ ẹmẹ̀sẹ̀ ọba, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ sì ti di Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀. Òkìkí rẹ̀ kàn títí tí àwọn ọba ìlú mìíràn fi ń ránṣẹ́ pè é kí ó wá ṣe ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin wọn. Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ni ó ṣe iṣẹ́ ti Ògògà.

Kí ni a rí lára ilẹ̀kùn náà? Ní awẹ́ kan, ọba jókòó lórí ìtẹ́ rẹ̀, adé orí rẹ̀ ga, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní awẹ́ kejì, òyìnbó kan ń bọ̀: Ọ̀gágun Ambrose ni, ọ̀kan nínú àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́kọ́ wá sí ilẹ̀ Èkìtì. Kò fi ẹsẹ̀ rìn. Àwọn ènìyàn ni wọ́n gbé e, àwọn aláàárù sì ru ẹrù rẹ̀. Ère wọ̀nyí kò lẹ̀ mọ́ pákó pẹlẹbẹ bí àwòrán inú ìwé. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ wọn jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n yọ síta kúrò lára igi, ó sì yí ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn sí ẹni tí ń wò wọ́n, bí ẹni pé wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wa. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan pẹ̀lú. Ìgbà tí a gbẹ́ ilẹ̀kùn yìí, àṣẹ òyìnbó ti múlẹ̀ ní Èkìtì. Síbẹ̀, lára igi yìí, ọba ni ó jókòó ní ilé ara rẹ̀. Àlejò ni a gbé wá bá a. Kì í ṣe òpìtàn òyìnbó ni ó kọ ìtàn ìpàdé náà báyìí. Ọmọ Èkìtì ni ó kọ ọ́, kò lo gègé tàbí tàdáwà, igi àti irin ni ó lò, ó sì kọ ọ́ bí ojú àwọn ará ilé ti rí i. Ìwé ìtàn ni ilẹ̀kùn náà.

Báwo ni ó ṣe wá dé Lọ́ńdọ̀nù? Ní ọdún 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, níbi tí wọ́n ti kó èso àti iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wọn jọ. A mú ilẹ̀kùn Ògògà lọ síbẹ̀ fún wíwò, ẹnu sì ya àwọn tí ó rí i. Àwọn alákòóso British Museum kò fẹ́ kí ó padà mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà láti gbà á. Níkẹyìn, pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ṣe: a kan ìtẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Ògògà, ilẹ̀kùn sì dúró ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọlọ́wẹ̀ tún gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀ fún ààfin.

Ó yẹ kí amọ̀nà sọ èyí gan-an bí ó ti rí. Kí ó má ṣe da ìtàn Ìkẹ́rẹ́ pọ̀ mọ́ ti Ìbìní, níbi tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti fi ogun wọlé ní ọdún 1897, tí wọ́n sì kó idẹ àti eyín erin ààfin lọ. Ti Ìkẹ́rẹ́ kì í ṣe ìkógun. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe sọ pẹ̀lú pé ẹ̀bùn tí ọ̀rẹ́ fún ọ̀rẹ́ ni. Àwọn tí ń béèrè ni ìjọba wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ìjọba náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ìtẹ́ àti ilẹ̀kùn sórí òṣùwọ̀n fúnra wọn. Ìtẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣọ̀wọ́n ní ayé. Ta ni ó lè tún ọjọ́ tí Ọlọ́wẹ̀ jókòó ti igi náà mú wá?

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ wa gbé dùn wá jù. Gbogbo ìyìn tí a fún ilẹ̀kùn náà ní Wembley kan ilẹ̀kùn. Kò kan ọwọ́ tí ó gbẹ́ ẹ. Ọlọ́wẹ̀ wà láàyè ní ìgbà náà. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, ní 1938, ni ó tó kú. Ní ọdún 1944 ni òyìnbó kan tí ń ṣiṣẹ́ igbó ọba, Philip Allison, tẹ àpilẹ̀kọ jáde nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nigeria, tí àwọn tí ó jìnnà fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé ẹni kan báyìí wà. Ní ọdún 1988, olùwádìí kan láti Amẹ́ríkà, John Pemberton, dé Ìsẹ̀, ó sì bá ọ̀kan nínú àwọn aya Ọlọ́wẹ̀, Olójú-Ifun, tí ó ti di arúgbó. Ìyá náà ki oríkì ọkọ rẹ̀ fún un. Ó tó àádọ́ta ọdún tí ọkọ ti lọ, ṣùgbọ́n oríkì rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu aya: inú rẹ̀ ni iṣẹ́ ọkùnrin náà wà, àti àwọn ààfin tí ó ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó di ọdún 1998, mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ní Washington pàtẹ àwọn iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gàdàgbà.

Kí ni èyí kọ́ wa? Pé orúkọ náà kò sọnù rí. Ní gbogbo ọdún tí ìwé pélébé fi ń dákẹ́, ó wà nínú ilé ní Ìsẹ̀, lẹ́nu obìnrin tí ó mọ̀ ọ́n kì. Ohun tí ó sọnù ni ìbéèrè. Àwọn tí ó kó ère lọ béèrè iye owó rẹ̀, wọ́n sì béèrè bí ó ti pẹ́ tó, wọn kò béèrè pé, “Ta ni?”

Iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ mìíràn ti fọ́n káàkiri. Ọ̀kan nínú àwọn òpó tí ó gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ kan náà wà ní Chicago ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1984: ọba jókòó, olorì rẹ̀ àgbà sì dúró gangan lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ. Ẹni tí kò mọ àṣà wa yóò béèrè pé kí ló dé tí aya fi ga ju ọba. Ẹni tí ó mọ̀ yóò rántí pé ọwọ́ obìnrin ni adé ti ń bọ́ sórí ọba. Ní Washington pẹ̀lú, àwo ọlọ́mọrí kan wà tí ó gbẹ́, obìnrin tí ó kúnlẹ̀ ni ó gbé e dání. Lábẹ́ àwo náà ni ó gbẹ́ orí ènìyàn kan sí, tí àwọn ère kéékèèké yí ká bí ọgbà. Orí náà ń yí gbirigbiri, ṣùgbọ́n kò ṣeé mú jáde, nítorí pé inú igi kan náà ni ó ti gbẹ́ ẹ yọ láìgé ọgbà rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ nílé ìwé, ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò, ẹ ó sì mọ irú ènìyàn tí à ń wí.

Ẹnìkan lè wí pé, “Kí ni orúkọ fẹ́ fi kún ère? Ṣé kì í ṣe igi náà ni?” Kí a lè dá a lóhùn, ẹ jẹ́ kí a yà díẹ̀ kúrò ní Èkìtì sí ìhà àríwá, sí ìlú Èsìẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ère òkúta tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ni ó wà níbẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó bí ẹni tí ń ṣe ìpàdé. Ramshaw, tí ń bójú tó àwọn ilé-ìwé ìjọ C.M.S., ni ó ròyìn wọn fún ayé ní ọdún 1933, ilé tí a kọ́ fún wọn ní 1945 sì ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ta ni ó gbẹ́ wọn? Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ni pé ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀ rí, àlejò ni wọ́n, kí wọ́n tó di òkúta. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ti ń rí: níbi tí a bá ti gbàgbé ẹni tí ó gbẹ́ ère, kì í pẹ́ tí a ó fi wí pé kò sí ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Ọgbọ́n àti òógùn odindi ìran kan ti wọ inú àlọ́ lọ. Ohun tí a fẹ́ dá dúró nìyí kí ó tó bá Èkìtì náà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Láti Adó, bí a bá kọjú sí àríwá, a ó dé Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ní ọdún 1947, àwọn àlùfáà ìjọ Kátólíìkì méjì láti inú ẹgbẹ́ S.M.A. ti ilẹ̀ Írẹ́lándì, Fádà Kevin Carroll àti Fádà Sean O'Mahony, dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ níbẹ̀. Wọn kò kó ọlọ́nà wá láti òkè òkun. Wọ́n pe Bándélé, ọmọ Aréògún ti Ọ̀sì, ìlú kan ní agbègbè Ọ̀pin tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Aréògún jẹ́ àgbà ọlọ́nà, ẹni tí ilẹ̀kùn àti Ẹpa rẹ̀ gbajúmọ̀. Wọ́n sọ ìtàn inú Bíbélì fún ọmọ rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ́ ẹ bí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí àwọn amòye láti ìlà-oòrùn wá kí Jésù ọmọ-ọwọ́, ọba Yorùbá ni wọ́n jẹ́, adé wà lórí wọn. Àwọn tí ń hun aṣọ, àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ awọ àti àwọn tí ń sín ìlẹ̀kẹ̀ pẹ̀lú rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti wá kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Mùsùlùmí ni Làmídì, ìdílé ọlọ́nà ni a sì bí i sí. Lẹ́yìn náà ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé ìsìn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Kì í ṣe gbogbo onígbàgbọ́ ni inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ Ọ̀yẹ́. Àwọn kan béèrè pé, “Ṣé kì í ṣe òrìṣà tí a ti fi sílẹ̀ ni ẹ tún fẹ́ mú padà wọ ilé Ọlọ́run?” Kò yẹ kí a fi ìbéèrè yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tí ó bi í léèrè ni ọmọ àwọn tí ó jìyà nítorí ẹ̀sìn wọn, tí ìdílé kọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èsì wà fún un. Mósè kan náà tí ó gba òfin lórí Sínáì pé kí a má ṣe yá ère láti sìn ín ni ó kọ́ àgọ́ àjọ, tí ó sì fi kérúbù wúrà sórí àpótí ẹ̀rí. Ẹ wo ohun tí ìwé Ẹ́kísódù ṣe: kò wí lásán pé àwọn oníṣẹ́ ọnà kan ni ó ṣe é. Ó dárúkọ Bésálẹ́lì, ó dárúkọ baba rẹ̀ àti baba-ńlá rẹ̀, ó sọ pé ẹ̀yà Júdà ni. Ó sì dárúkọ Òhólíábù ti ẹ̀yà Dánì mọ́ ọn. Iṣẹ́ ọwọ́ yàtọ̀ sí ìlò tí a fi í lò. Ọ̀bẹ tí ó fín ilà sójú ère Ẹpa lè fín adé sórí amòye, kì í sì í ṣe ọ̀bẹ náà ni a ń bọ.

Ilé iṣẹ́ Ọ̀yẹ́ kò pẹ́ púpọ̀. Ní ọdún 1954 ni ó parí. Ọ̀pọ̀ ìjọ ló tẹ́ lọ́rùn láti máa ra ère ẹfun funfun tí ọkọ̀ òkun kó wá láti Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ohun kan tí ó ṣe kò parí: ó fi orúkọ àwọn ọlọ́nà sílẹ̀. Nígbà tí Carroll tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí ère gbígbẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1967, Aréògún wà níbẹ̀, Bándélé wà níbẹ̀, Làmídì wà níbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀. Àlejò ni Carroll jẹ́ láàárín wa, ṣùgbọ́n ó béèrè ìbéèrè tí ó tọ́.

Àwọn ìjọ míṣọ́nnárì fúnra wọn ní mùsíọ́mù. Ní Róòmù, ní ọdún 1925, Póòpù Pius Kọkànlá ṣe ìpàtẹ ohun tí àwọn míṣọ́nnárì kó jọ láti gbogbo ayé. Ó tó ọ̀kẹ́ márùn-ún, èyíinì ni 100,000. Nǹkan bí 40,000 nínú wọn ni ó sì kù sọ́wọ́ mùsíọ́mù tí ó dá sílẹ̀ ní ọdún 1926. Ẹgbẹ́ S.M.A., tí àwọn Fádà Ọ̀yẹ́ jẹ́ ọmọ rẹ̀, dá ọ̀kan sílẹ̀ ní Tenafly ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1980. Wọ́n ti ní òmíràn ṣáájú rẹ̀ ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí a ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1856, ṣùgbọ́n ti Lyon ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 2017. Ilé ńláńlá ni wọ́n, a sì dúpẹ́ pé ikán kò jẹ ohun tí ó wà nínú wọn. Síbẹ̀, ilé tí a kọ́ lè di títì. Ohun tí a kó jọ lè tún fọ́nká. Oríkì tí Olójú-Ifun kì ní Ìsẹ̀ kò ní ògiri, kò ní kọ́kọ́rọ́, ó sì pa ohun tí ìwé pélébé kò lè pa mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá kó àwọn ọmọ lọ wo iṣẹ́ ọnà, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n padà wálé pẹ̀lú ìyàlẹ́nu nìkan. Ẹ kọ́ wọn láti béèrè ohun mẹ́ta wọ̀nyí níwájú ohun gbogbo tí ọwọ́ ènìyàn bá ṣe. Bí amọ̀nà kò bá dárúkọ ẹnìkan, kí ọmọ nawọ́ sókè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ni ó gbẹ́ ẹ?” Bí amọ̀nà bá dáhùn pé a kò mọ̀ ọ́n, kí ọmọ kọ ìlú tí ère náà ti wá sínú ìwé rẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí ìyá arúgbó kan wà ní ìlú náà tí ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ kò sì ní láti dúró de ìgbà tí ẹ ó rí owó ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Odò kì í ṣàn kí ó gbàgbé orísun rẹ̀. Ilẹ̀kùn àtijọ́ wà ní àwọn ilé kan ní ìlú yín, òpó wà, àpótí ìyá àgbà wà. Nínú ìjọ yín, ẹnìkan ni ó kan àga ìwàásù tí pásítọ̀ ń dúró sí, ẹnìkan ni ó gbẹ́ àgbélébùú orí tábìlì mímọ́, ẹnìkan ni ó sì ṣe àwọn àga gígùn tí ẹ ń jókòó lé. Ẹ lọ bá àwọn àgbà ìjọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ béèrè orúkọ wọn àti ilé tí wọ́n ti wá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ọdún rẹ̀ bí a bá mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì fi ìwé náà sínú àpótí ìjọ kí ẹni tí ó rántí tó lọ.